Omi Àlùwàlá Lẹ́sẹ̀ Irin

Ó rẹ̀ mí. Ẹni tó bá ń gbé ní Mówè, tó ń jí jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti lọ dúró de ọkọ̀ ní etí títì, kò lè ṣe kó má rẹ̀ ẹ́, àmọ́ àárẹ̀ iṣẹ́ kọ́ ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì ló rẹ̀ mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Táófíìkì, àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Ọbáfẹ́mi, ṣaláìsí. Kí n tó rí omi fi sẹ́nu, àwọn ẹbí ti pè mí lórí fóònù: "Rísíkátù, má sọ fún Màmá o. Ara wọn ò lè gbà á." Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi ń gbé báyìí. Bí mo bá gbé ògì àti ọ̀lẹ̀ síwájú wọn láàárọ̀, wọ́n á bi mí pé, "Táófíìkì ò tíì pè?" Èmi náà á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa. Wọ́n á wò mí díẹ̀, wọ́n á sì mú ṣíbí wọn. Ní gbogbo àkókò yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa ń pariwo, mọ́ṣáláṣí tó wà lọ́wọ́ òsì ń dáhùn, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń bú ramúramù, ohùn gbogbo wọn ń wọ inú ara wọn débi pé èèyàn kò mọ èyí tó yẹ kó ṣe àmín sí. Nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń rántí ọdún tí bàbá mi fi páànù bisikíìtì àti irin gígùn kan pa ariwo ẹ̀rọ ilé wa ní Ifọ̀, tí ìdákẹ́jẹ́ náà sì wá jẹ wá níyà ju ariwo lọ.

Ilé wa ní Ifọ̀ kò jìnnà sí ojú irin. Bí rélùwéè bá ń kọjá, àwọn abọ́ tánganran tí ìyá mi tò sórí pẹpẹ á máa gbọ̀n, a ó sì dá ọ̀rọ̀ dúró títí yóò fi lọ tán, nítorí kò sẹ́ni tó lè bá ọkọ̀ ojú irin du ọ̀rọ̀ sọ. Rédíò ni bàbá mi ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù wọn fẹ̀gbẹ́ ti ojúde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìgbà tí ọ̀pọ̀ rédíò kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀: ọ̀kan ń ka ìròyìn, ọ̀kan ń polówó ọṣẹ, ọ̀kan kàn ń hó ṣọ̀ọ̀ bí epo àkàrà. Bàbá mi á tẹrí ba sáàárín wọn, wọ́n á máa jó lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, èéfín rẹ̀ á máa ta sí wọn nímú, wọn kò sì ní gbọ́ bí a bá pè wọ́n wá jẹun. Láfún ni oúnjẹ ilé wa, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tí ìyá mi máa ń fi ẹja gbígbẹ sè. Èlùbọ́ láfún náà ni wọ́n ń tà. Láàárọ̀, kí n tó la ojú, mo ti máa ń gbọ́ ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ata, lẹ́yìn rẹ̀ ìgbálẹ̀, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni tẹ̀sùbáà Ìyá Àgbà, tí ẹyọ rẹ̀ ń kan ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, ká, ká, ká. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Yàrá wọn ni mò ń sùn, èmi sì ni ìránṣẹ́ wọn. Àníkẹ́ ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n bá sì ti fa orúkọ náà gùn, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ dé.

Ṣáájú ọdún náà, ojúde ni ìjókòó Ìyá Àgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà tọkọtaya, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí gbogbo ẹni tó ń lọ wọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n sì ń béèrè ibi tí kálukú ń lọ láìjẹ́ pé ó kàn wọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn obìnrin àdúgbò a máa pé jọ síbẹ̀ fún àsàlátù. Ìyá Àgbà ló ń dá orin fún wọn, Àáfà àdúgbò ló sì ń ṣe wáàsí. Àfi bí wọ́n ṣe yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí itan wọn sì kọ̀ tí kò jinná mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ní yàrá tó kángun sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa gùn, ó sì ṣókùnkùn. Ohùn ojúde kì í dé ọ̀hún, ohùn ọ̀hún kì í sì í dé ojúde. Bí Ìyá Àgbà bá ń pe bàbá mi, àfi kí ẹni tó bá wà láàárín ọ̀nà bá wọn gbé ìpè náà dé iwájú. Lọ́jọ́ kan, bí ìyá mi ṣe gbé oúnjẹ lọ bá wọn, wọ́n ní, "Ẹ ti sin mí tán. Erùpẹ̀ lẹ kàn gbàgbé láti dà lé mi lórí." Ìyá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún bàbá mi. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

Ẹni kan ṣoṣo tó lè mú Ìyá Àgbà túra ká ni ọmọ wọn àkọ́bí, Àǹtí Sàrátù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìyá Àgbàdo ni àwa ọmọdé ń pè wọ́n, nítorí Àgbàdo ni wọ́n lọ́kọ sí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á wọ rélùwéè wá pẹ̀lú èkuru nínú abọ́ onídèérí. Wọ́n á wẹ̀ fún ìyá wọn, wọ́n á fi òrí ra ẹsẹ̀ náà, wọ́n á tú irun náà, wọ́n á sì tún un dì ní kòlẹ́sẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan orí náà. Ìyá Àgbà á máa ṣe bí ẹni tó ń ráhùn pé ọwọ́ Sàrátù le jù, àmọ́ láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti máa ń ní kí n wá ìlàrun sílẹ̀.

Bàbá mi ronú sí ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ yẹn títí. Wọn kì í ṣe ẹni tó lè jókòó ti èèyàn kó máa tù ú nínú; ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹ̀yà ara rédíò tó ti kú jọ nìyẹn. Orí pákó kékeré kan ni wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí, wọ́n so wáyà kúkurú kan mọ́ ọn tó nà sókè bí ìrù eku. Ẹ̀rọ tí yóò máa fọ́n ohùn sínú afẹ́fẹ́ ni, bí ilé iṣẹ́ rédíò, àmọ́ èyí tí agbára rẹ̀ kò ní kọjá ògiri ilé wa. Wọ́n gbé e sórí pẹpẹ ní ojúde, wọ́n fi makirofóònù kọ́ ògiri lókè ibi tí Àáfà máa ń tẹ́ ẹní sí, wọ́n sì gbé rédíò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí Ìyá Àgbà. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, èmi ni mo wà lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà nígbà tí orin àsàlátù já wọ inú yàrá. Wọ́n gbé ọwọ́ sí àyà. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ìyá Ràmọ́tà ló ń dá orin yẹn. Ẹ sọ fún un kó rẹ ohùn sílẹ̀, kì í ṣe ìjà." Bí mo ṣe rí i nìyẹn pé ara ti ń tù wọ́n.

Àmọ́ ohun tó tu Ìyá Àgbà lára ń ni ẹlòmíràn lára. Láàárín wa àti àwọn ará ilé kejì, ògiri kan ṣoṣo ló wà. Mọ́mì Débórà ló ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ wọn. Láti Èkó ni wọ́n ti kó wá, ọmọ ìjọ tí kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré ni wọ́n. Wáàsí náà kò tíì dé ìdajì nígbà tí a gbọ́ ohùn wọn lórí ògiri. "Bàbá Rísí! Ẹ jọ̀ọ́ sà! Àáfà yín ti wọ inú tẹlifíṣọ̀n wa o! Pásítọ̀ wa ń preach lọ́wọ́, Àáfà yín wá ń sọ̀rọ̀ lé e lórí. Àwòrán tún ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe!" Bàbá mi sáré lọ pa ẹ̀rọ náà. Wọ́n bẹ̀ wọ́n títí. Bó ṣe ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn: bí a bá ti tan ẹ̀rọ, rédíò inú ṣọ́ọ̀bù á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tẹlifíṣọ̀n ilé kejì á gbọ̀n, Mọ́mì Débórà á yọ orí lókè ògiri. Bí àsàlátù bá sì parí, tí bàbá mi bá gbàgbé láti pa á, àwọn náà ló ń rán wọn létí: "Bàbá Rísí, ẹ pa nǹkan yín o!" Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n a máa gbé àgbàdo sísè fún Ìyá Àgbà, wọ́n a sì kúnlẹ̀ kí wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ wọn ti ń sọ ọ́ pé òun yóò fi ẹjọ́ sun, ẹ̀rù sì ń ba bàbá mi pé wọ́n lè wá gbé ẹ̀rọ náà lọ, kí ìyá wọn tún padà sínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n pè mí, wọ́n sì ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà wà níhòòhò, òun ló fà á. Ohùn tó yẹ kó gba ojú wáyà kan jáde ń jò láti gbogbo ara rẹ̀ bí omi inú apẹ̀rẹ̀, iná mànàmáná tí a so ó mọ́ sì ń da kíkùn tirẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó kù ni pé ká wọ̀ ọ́ láṣọ irin, ká sì wá ilẹ̀ fún un, kí gbogbo èyí tó bá ń ṣèranù lè wọlẹ̀ lọ. Páànù bisikíìtì ńlá kan wà tí ìyá mi fi ń kó òwú àti abẹ́rẹ́ sí. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú rẹ̀, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó ìdérí rẹ̀ pa yí ká, wọ́n sì lu ihò díẹ̀ tí wáyà lè gbà jáde. Wáyà makirofóònù náà gba ẹ̀wù, wáyà wínníwínní tí a hun bí àwọ̀n, wọ́n sì jó ẹ̀wù náà mọ́ ara páànù. Wọ́n já a kúrò lára iná mànàmáná, wọ́n so ó mọ́ bátìrì ọ̀kadà. Ìrù eku yẹn náà, wọ́n ń gé e kù díẹ̀díẹ̀, èmi sì ń sáré lọ sí yàrá láti lọ wò ó bóyá Ìyá Àgbà ṣì ń gbọ́, títí ó fi ku èyí tó tó wọn nìkan.

Ọ̀rọ̀ irin ló wá di ìjà. Irin gígùn kan la fẹ́ rì mọ́lẹ̀, ká fi wáyà so páànù mọ́ ọn. Ohun tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ tútù ló yẹ ẹ́, ẹ̀yìn bálùwẹ̀ sì ni ilẹ̀ ti tutù jù lọ nínú ọgbà. Bí bàbá mi ṣe gbé irin àti òòlù lọ síbẹ̀ ni ìyá mi bọ́ síwájú wọn. "Bàbá Rísí, ibẹ̀ la sin ibi àwọn ọmọ mi sí. Ibi Rísíkátù wà níbẹ̀. Ẹ fẹ́ fi irin gún ibi ọmọ nítorí rédíò?" Bàbá mi ní àwọn á yà á sílẹ̀ díẹ̀. Ìyá mi ní ta ló wọn ilẹ̀ náà tó mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà? Bàbá mi padà, wọ́n ń kùn pé ọ̀nà ibẹ̀ tilẹ̀ jìn, wáyà tó bá gùn jù yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ohùn tirẹ̀. Abẹ́ ògiri ojúde ni wọ́n wá rì í sí níkẹyìn. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n da èédú àti iyọ̀ sí i, wọ́n lu irin náà wọlẹ̀. Àmọ́ ọyẹ́ ni, ilẹ̀ ibẹ̀ sì gbẹ bí àpáta. Àfi kí a máa bomi rin ín lójoojúmọ́. Ìyá mi ní omi kànga kò tó ká máa rí i fi fọṣọ, ká tó sọ pé à ń bomi rin irin.

Ìyá Àgbà ló parí ẹjọ́ náà láti orí bẹ́ẹ̀dì. Inú bàsíà ni wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti kọ̀; èmi ni mò ń da omi sí wọn lọ́wọ́, tí mo sì ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sí ẹ̀yìn fèrèsé. Wọ́n ní, "Àníkẹ́ ni yóò máa gbé omi àlùwàlá mi lọ sídìí irin náà. Bí ẹsẹ̀ mi ò bá dé ojúde mọ́, ẹ jẹ́ kí omi tó kan ẹsẹ̀ mi máa débẹ̀." Iṣẹ́ mi nìyẹn ní gbogbo ọdún náà. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣe àlùwàlá, màá gbé bàsíà sí àyà, màá rọra gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó má bàa dànù, màá dà á sídìí irin. Mo máa ń bínú sí i. Àwọn ẹgbẹ́ mi á wà nídìí eré tẹ́ńtẹ́n, èmi á máa gbé omi ẹsẹ̀ lọ fún irin mu. N kò mọ̀ nígbà náà pé bí a ṣe ń tọ́jú àgbà nìyẹn: iṣẹ́ kékeré kan náà, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, tí kò sẹ́ni tó ń kí ọ kú iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí.

Ẹ̀rọ náà gbọ́ràn. Lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n kọ́kọ́ tan án nínú páànù, bàbá mi lọ dúró sábẹ́ ògiri, wọ́n ń retí kí Mọ́mì Débórà yọ orí. A kò rí orí kankan. Wọ́n tilẹ̀ pè wọ́n fúnra wọn: "Mọ́mì Débórà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a wà nínú tẹlifíṣọ̀n yín?" Àwọn náà dáhùn láti inú ilé pé, "Rárá o, Bàbá Rísí! Ó clear! Ọlọ́run á bùkún ọwọ́ yín!" Rédíò inú ṣọ́ọ̀bù kò kùn mọ́. Ní yàrá, ohùn Àáfà ń já geere bí ẹni pé orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí. Bàbá mi yọ̀, wọ́n jẹ láfún méjì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun kan ni wọn kò kà sí. Iná pupa kékeré tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ wà ní títàn ti wà nínú páànù tí wọ́n jó pa, kíkùn rédíò ṣọ́ọ̀bù ti lọ, Mọ́mì Débórà kò sì ní pariwo mọ́. Gbogbo ohun tó ń sọ fún wa pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti mú kúrò tán. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju bọ́tìnnì kan lọ, lábẹ́ páànù, tí èèyàn ní láti rántí fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá Àgbàdo wá, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Wọ́n di irun ìyá wọn síbẹ̀síbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àsàlátù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àwọn obìnrin ti lọ, bàbá mi ń ká ẹní, Àáfà ń wá bàtà rẹ̀, ni ọkùnrin méjì wọlé láti Àgbàdo. Wọn kò jókòó bí àlejò ṣe ń jókòó. Ìyá mi rí ojú wọn, wọ́n sì sọ fún mi pé kí n lọ bá Débórà ṣeré. Ilé kejì ni mo wà tí a ń wo tẹlifíṣọ̀n, àwòrán rẹ̀ mọ́ roro, kò gbọ̀n rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ojúde, ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn tí mo ti dàgbà. Àwọn ọkùnrin náà ní Sàrátù kò jí láti ojú oorun ọ̀sán. Bàbá mi fẹ́ ké, Àáfà sì di ẹnu wọn mú nítorí ìyá wọn. Wọ́n wá sún mọ́ ògiri tó jìnnà jù lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ògiri tí Àáfà máa ń tẹ́ ẹní sí, wọ́n ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá mi ń sunkún sínú fìlà. Àáfà ní, "Òbí kì í gbọ́ òkú ọmọ bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹni tó wà lórí àìsàn. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, òkú méjì lẹ máa gbé." Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé wọ́n á sọ fún Ìyá Àgbà pé ọmọ Sàrátù ló bímọ ní Ìbàdàn, pé Sàrátù lọ tọ́jú ìyá ọmọ, yóò sì pẹ́ kó tó dé. Lókè orí wọn ni makirofóònù kọ́ sí.

Bàbá mi bá wọn lọ sí Àgbàdo ní ìrọ̀lẹ́ náà, wọ́n sì sin ẹ̀gbọ́n wọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n pa irọ́ náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe tò ó. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n ní, "Ọmọ tuntun. Kí Ọlọ́run wò ó fún wọn." Wọ́n béèrè bóyá akọ ni tàbí abo, bàbá mi kò tíì ronú dé ibẹ̀, wọ́n ní abo. Ìyá Àgbà ní ó dáa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí àwọn nǹkan tí n kò mọ ìtumọ̀ wọn. Wọ́n tú kòlẹ́sẹ̀ orí wọn, tí kò tíì gbó rárá, wọ́n sì fi irun náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá mi ní kí àwọn bá wọn dì í, wọ́n ní orí ń dùn wọ́n. Lọ́jọ́bọ̀, wọn kò ní kí n wá ìlàrun. Wọn kò jẹ èkuru tí ìyá mi sè láti fi tù wọ́n lójú. Tẹ̀sùbáà wọn kì í dákẹ́ mọ́. Bí mo bá sì gbé bàsíà, wọ́n á tẹnu mọ́ ọn pé, "Dà á síbẹ̀ dáadáa, Àníkẹ́. Má jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ."

Mo ti ronú lórí àwọn ọjọ́ yẹn ju bí mo ṣe ń ronú lórí ọ̀pọ̀ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi fúnra mi lọ. Àwọn ará ilé ń ṣọ́ ẹnu nítorí Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà náà ń ṣọ́ ojú nítorí ará ilé. Bàbá mi rù, ìyá mi ń sunkún níbi ọlọ, wọ́n ń ní ata ni. Gbogbo ènìyàn ni ó rẹ̀, tí kálukú sì rò pé òun ń dáàbò bo ẹnì kejì.

Nígbà tó di ọjọ́ fídáù, àdúrà ọjọ́ kẹjọ, bàbá mi múra, wọ́n sọ fún ìyá wọn pé Àgbàdo ni àwọn ń lọ ra ẹ̀yà rédíò. Wọ́n dé lẹ́yìn Àsárì; kò sí àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú yẹn, Àáfà ṣì wà ní Àgbàdo. Mo ń da omi sí Ìyá Àgbà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé wá kí wọn. Ìyá Àgbà fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n fọ ti òsì, wọ́n sì nu ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo bàbá mi.

"Múfútáù, ṣé fídáù Sàrátù lọ dáadáa?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ojú wọn kan sìmẹ́ńtì.

"Ta ló sọ fún yín, Ìyá?"

"Ìwọ ni. Ẹ̀rọ rẹ dára, ọmọ mi. Ohùn rẹ̀ ń já geere. Lọ́jọ́ tí ẹ dúró tì í ní ojúde, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ nù. Mo gbọ́ igbe tí Àáfà fi ọwọ́ bò mọ́ ọ lẹ́nu."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹ má bínú sí wa."

"Mi ò bínú. Ó ti rẹ̀ mí ni. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ń kí ara yín kú ìrọ́jú ní ojúde, èmi tí mo bí i, kò sẹ́ni tó kí mi. Gbogbo ayé lẹ ti sọ ọ́ fún. Sọ ọ́ fún èmi náà."

Bàbá mi gbé orí sókè, wọ́n wo ojú ìyá wọn, wọ́n sì tún gbé e sílẹ̀. "Mi ò lè wo ojú yín sọ ọ́."

"Ta ló ní kí o wo ojú mi? Lọ síbi tí o ti sọ ọ́ fún wọn, kí o sọ ọ́ fún mi."

Wọ́n máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, àmọ́ ojú mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ kò lè gbé. Bí mo bá délé lónìí, mo máa jókòó ti ìyá mi, màá sọ̀rọ̀ Táófíìkì fún wọn. Bí ojú mi kò bá sì gbé e, màá wọ yàrá kejì, màá fi fóònù pè wọ́n láti ibẹ̀. Bóyá wọ́n tilẹ̀ ti mọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wò mí kí wọ́n tó mú ṣíbí yẹn, mo ti rí i rí.

Bàbá mi gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà ní, "Àníkẹ́, yí i sókè díẹ̀." Mo yí i sókè. Rédíò náà hó ṣọ̀ọ̀, ó sì dákẹ́ lójijì. Lẹ́yìn náà la gbọ́ èémí bàbá mi, ó súnmọ́ wa bí ẹni pé wọ́n wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ìyá mi. Èmi Múfútáù ni. Sàrátù ọmọ yín ti lọ. Ojú oorun ló bá lọ, wọ́n ní kò jẹ̀rora. A wẹ̀ ẹ́ dáadáa, a kírun sí i lára, a sì sin ín sẹ́yìn ilé ọkọ rẹ̀. Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá. Ẹ kú ìrọ́jú ọmọ yín."

Ìyá Àgbà kọjú sí rédíò náà. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, Múfútáù." Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kì í gbé ohùn padà. Bàbá mi ń dúró, èémí wọn ń lọ, ó ń bọ̀. "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ìyá mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

"Lọ sọ fún un," ni Ìyá Àgbà wí.

Mo sáré. Bàbá mi dúró sábẹ́ makirofóònù, wọ́n fi iwájú orí ti ògiri, ìyá mi sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní àwọn ti gbọ́." Mo sọ ọ́ nítòsí makirofóònù, ohùn mi sì gba inú páànù padà lọ bá Ìyá Àgbà ní yàrá. Nígbà náà ni ẹkún bẹ̀rẹ̀ láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹkún àgbà obìnrin, láti yàrá tí ohùn rẹ̀ kì í dé ojúde. Bàbá mi na ọwọ́ sábẹ́ páànù, wọ́n pa ẹ̀rọ náà, a sì ń gbọ́ ọ síbẹ̀.